Fọ́ọ̀mù Olúgbóyèga tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Bíbélì

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ má sì dá mi dúró títí n ó fi kà á tán. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ torí mo mọ ara mi. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ látorí, ahọ́n mi á máa wá ibi tó rọ̀ gbà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tíì pé ọdún méjì, ó sì ti jẹ mí dé eegun. Ẹni tí ẹ ń pè ní Bàbá Gbádébọ̀, tí ẹ máa ń tì síwájú láti gbàdúrà bí ọ̀ràn bá le, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Ó tó gẹ́ẹ́, kí n sọ ọ́.

Ẹ mọ̀ pé n kò jókòó ní kíláàsì rí. Ẹsẹ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ ìwé, Bíbélì sì ni ìwé náà. Aláàárù ni wọ́n gbà mí sí ní èbúté Àpápá, akọ̀wé ilé ẹrù ni mo fi fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, èmi àti Olúgbóyèga, ẹgbẹ́ mi, a jọ lo bẹ́ǹṣì kan náà ni. Ara àpótí ni mo ti mọ ayé. Nígbà tí mo débẹ̀, orúkọ ìlú òyìnbó ló kún ara wọn. Nígbà tí mo máa fi lọ, Kóbè ni, Ṣáńgáì ni, Họ́ńkọ́ǹgì ni. Ẹni tó bá ń rí ẹrù lójoojúmọ́ kò ní béèrè bóyá ẹlẹ́rù ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì mi dé lọ́dún 2001, n kò kọ́lé, n kò ra mọ́tò. Mútúà fọ́ńdì ni mo gbé e sí, àpò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn dá owó jọ sí, tí àwọn onímọ̀ kan ní Màrínà ń fi ra ìpín káàkiri iléeṣẹ́, bí ọ̀kan bá rọlẹ̀, kí òmíràn lè gbé e ró. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Àpò tí mo yàn sì gbé ẹsẹ̀ kan sí Éṣíà.

Ó so èso. Kò burú bí mo bá sọ pé ó so èso. Ohun tó burú ni bí mo ṣe wá sọ ọ́ di ìwàásù nínú yàrá yìí. Mo ní, níbo ni oòrùn ti ń yọ? Níbo ni àwọn amòye ti wá wo Jésù? Mo ní, kí a tó parí àdúrà òwúrọ̀ ní Fẹ́sítáàkì, àwọn ará Tókíò ti ń palẹ̀ ọjà wọn mọ́. Mo ní ọjà wọn ṣubú lọ́dún 1997, ṣebí wọ́n dìde? Ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ rántí pé orí tábìlì àárín yìí la ń to fọ́ọ̀mù sí, tí mo ń fi òróró kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń ka ẹsẹ̀ Ìwé Mímọ́ tó ní ẹni tó bá fọwọ́ lé ohun èlò ìtúlẹ̀ kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Olúwa kò sọ̀rọ̀ fọ́ńdì níbẹ̀. Èmi ni mo fi sí I lẹ́nu. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ yọ owó rẹ̀ láàárín wa á kọ́kọ́ máa wo ojú mi bí ẹni tó fẹ́ kúrò nínú ìgbàgbọ́.

Olúgbóyèga ló kọ́kọ́ tẹ̀lé mi. Òpópó kejì sí tèmi ló ń gbé. Bí aago mẹ́fà àbọ̀ bá ti ń lù, á ti wọ́ sálúbàtà rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi ká lè jọ gbọ́ ìròyìn ọjà lórí rédíò. Á ní, “Àjàní, ọmọ agbẹ́rù-ẹlẹ́rù-má-tú-u-wò, ọmọ a-jíṣẹ́-bí-a-ṣe-rán-an, kí ni Họ́ńkọ́ǹgì wí?” Màá ní, “Họ́ńkọ́ǹgì ní kí ahun má wọlé mi láìra búrẹ́dì.” Á ní, “Sọ fún un pé tíì rẹ ni mo wá mu, mi ò rí ṣúgà níbẹ̀ látànáà.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 ni kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n gbé e lọ sí Íńdíà, àbúrò rẹ̀ sì ti gbà láti fún un ní ọ̀kan lára tirẹ̀. Íńdíà tí mo ń yìn nínú yàrá yìí náà ni. Ohun tó kù ni owó, owó náà sì wà nínú fọ́ńdì, ó sì tó nígbà náà. Lóṣù Èrèlé, ó tọwọ́ bọ fọ́ọ̀mù ìyọwó, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. “Àjàní, ẹsẹ̀ mi ti wú, mi ò lè dé Màrínà. Bá mi mú un lọ. Gbogbo ẹ̀ ni kí wọ́n yọ.” Mo ní, “Lọ́la ni.”

Lọ́jọ́ kejì, mo yà sọ́dọ̀ Clement ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ẹni tó ń bá iléeṣẹ́ náà ta fọ́ọ̀mù fún wa. Ó wo ìwé náà, ó wò mí. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ dì mọ́wọ́ ṣá? Fọ́ọ̀mù Bọ̀dá Bóyè ni àkọ́kọ́ láàárín yín. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ó yọ, gbogbo fẹ́lóṣíìpù ló máa tò sí Màrínà lọ́sẹ̀ yìí. Ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó gbérí. Oṣù kan péré.” Mo bi í pé, “Tí kò bá gbérí ńkọ́?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa.” Clement ń jẹ èrè tirẹ̀ lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi okùn so mí lọ́wọ́. Kọ́bọ̀ kan kò sì wọ àpò tèmi. Mo ti fi ìyẹn tu ara mi nínú títí ó fi gbó mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí èmi ń jẹ níbẹ̀ ni orúkọ. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Àjàní ṣì í. Mo ká fọ́ọ̀mù ọ̀rẹ́ mi sí méjì, mo fi há inú Bíbélì mi, mo padà sílé.

Lóṣù Igbe, ọjà gbérí díẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ǹ bá sáré mú un lọ. Mo ní kó tún gòkè sí i, kí n lè sọ fún un pé ìdádúró mi ló ṣe é lóore. Kò gòkè mọ́. Bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ojú ń tì mí láti mú un lọ, bí ojú ṣe ń tì mí ni ó ń lọ sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Ọ̀sán ọjọ́ kan lóṣù Ògún, mo lọ wò ó ní ọsibítù. Ìyàwó rẹ̀, Beatrice, Ìyá Stella wa tó jókòó síhìn-ín, jáde lọ ra oògùn. Olúgbóyèga ní, “Àjàní, ṣé wọ́n gba fọ́ọ̀mù yẹn?” Mo ní, “Wọ́n ti gbà á. Wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́.” Ó ní, “Ó pẹ́ o.” Mo ní, “Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún.” Ó ní, “Kìnnìún yìí ti ń pa mí jẹ, Àjàní. Gbàdúrà fún mi.” N kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ju Bíbélì náà lọ. Mo gbé e lé e láyà, mo gbọ́wọ́ lé e lórí, mo sì gbàdúrà. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú rẹ̀. Ohun tí ì bá gbé e dé Íńdíà wà lórí àyà rẹ̀, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe ń mí. Ó ní “Àmín.” Ó ní, “O ṣé, ọ̀rẹ́ mi.”

Ó kú ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ọ̀wàrà, ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ọjà ayé wó lulẹ̀. Nígbà tí Ìyá Stella béèrè fọ́ọ̀mù, mo ní ó ní láti jẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ nù ní Màrínà. Ó lọ síbẹ̀, ó fi omijé bá Rosaline jà, ọmọbìnrin tó ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn èrò. Rosaline ní òun kò rí fọ́ọ̀mù kankan. Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́. Mo gbọ́, mo sì dákẹ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti tan rédíò láàárọ̀, mo ń gbọ́ sálúbàtà tó ń wọ́ bọ̀ lórí ilẹ̀ níta. Mo máa ń dìde ṣílẹ̀kùn. Kì í sẹ́ni. Mo ta rédíò náà. Sálúbàtà kò dákẹ́.

Ǹ bá gbé e dé sàréè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́rú tó kọjá, Ìyá Stella mú àpòòwé kan wá, ìyókù owó ọkọ rẹ̀ nínú fọ́ńdì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi fi síbi tó bá dáa lójú yín, torí àwọn ọmọ. Mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè gbé e fún.” N kò lè gbọ́wọ́ sókè gbà á. Mo ní kó jẹ́ ká pàdé lónìí.

Ìyá Stella, fọ́ọ̀mù ọkọ rẹ nìyí lórí tábìlì, pẹ̀lú ọjọ́ tó kọ sí i. Mo ti kọ̀wé sí Màrínà, mo sọ fún wọn pé Rosaline kò jẹ̀bi, mo sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní kí ẹ má dókòwò, n kò sì sọ pé Éṣíà kò dáa. Mo ní, ẹni tó bá ní kí ẹ bá òun gbé ohun òun jáde, ẹ kọ́kọ́ gbé e jáde ná kí ẹ tó gbà á nímọ̀ràn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró ti ìlẹ̀kùn mọ́ yín. Ẹni tó bá fẹ́ yọ owó rẹ̀ lọ́la, kó yọ ọ́. Kò ṣẹ̀ sí Ọlọ́run, kò ṣẹ̀ sí mi.

Mo tọrọ ìdáríjì, Ìyá Stella. Bí o bá ní o kò lè fún mi, mo gbọ́. Ìwọ ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, ohun tó bá sì wà lẹ́nu rẹ ni kí o sọ, bó ti wù kó korò tó. Ẹ̀yin ará, mo mọ ìṣe wa. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìde láti sọ fún un pé kó rọra, pé àgbà ni mí.