Bíbélì Ìyá Mi Ni Mo Dáná Sun

Dúró ná, ìwọ tí o ń ka èyí. Bí ìkòkò bá wà lórí iná, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí o bá ń múra àtilọ sí ìsìn, jókòó díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ mi kan ẹni tó ń múra ìsìn ju ẹlòmíràn lọ. Èmi ni wọ́n fi ṣe Ìyá Ìjọ ní ìjọ wa ní Bushrod Island, ní Monrovia níbí. Bí mo bá dìde láti gbàdúrà, àwọn obìnrin á ti ṣe àmín kí n tó sọ ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n bí ìsìn bá ti parí, àwọn ọkùnrin kan á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé wá bá mi, wọn á sì fi orúkọ tí wọ́n ń pe bàbá mi pè mí. Ṣé ènìyàn lè sin ọ̀gá méjì? Láti kékeré ni mo ti mọ ẹsẹ yẹn lórí. Ó wá di ìgbésí ayé mi.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Abọ́ tánńganran ló ń tà ní Carey Street kí ogun abẹ́lé tó dé, àmọ́ àwọn ìwé awo tó ń gba orí omi wá láti òkè òkun ló gba ọkàn rẹ̀. Á fi ṣọ́ọ̀kì ya òbìrìkìtì sílẹ̀, á dúró sáàárín rẹ̀, á máa pe orúkọ àwọn ẹ̀mí tí ẹnì kankan kò mọ̀ nílé wa. Ìyá mi á wà ní yàrá kejì, á máa ka Sáàmù sókè nínú Bíbélì Yorùbá rẹ̀ kí ohùn ọkọ rẹ̀ má bàa wọ̀ wá létí. Nígbà tí ogun dé, àwọn tó ń jagun gbúròó rẹ̀. Prófẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè é. Á fi yíǹkì pupa kọ orúkọ ẹni sínú ìwé dúdú nínípọn kan, onítọ̀hún á tẹ àtàǹpàkò sí i, bàbá á ní, níwọ̀n ìgbà tí ìwé yìí bá wà, ọta ìbọn kò ní rí ọ. Nítorí ìwé yẹn, wọn kò fọwọ́ kan ilé kankan ládùúgbò wa. Títí dòní àwọn kan ń fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ wọn. Àwọn mìíràn kì í gba iwájú ilé wa kọjá, nítorí àwọn tí bàbá mi mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn wọn, ó mú àánú kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ni kí n pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Bàbá mi ni.

Ìyá mi kú nígbà ogun, ó fi Bíbélì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn tí àlàáfíà dé, bàbá náà kú. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Má jó ìwé yẹn o. Ẹni tó bá jó o, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló jó."

Pásítọ̀ wa wàásù lórí àwọn ará Éfésù tó kó ìwé idán wọn jáde tí wọ́n sun ún. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Mama, Sunday tó ń bọ̀, ẹ gbé ìwé bàbá yín wá." Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gbà. Àmọ́ ní ọ̀sán Sátidé, Flomo wá. Ọ̀kadà ló ń gùn ládùúgbò Point Four báyìí, ṣùgbọ́n ó jagun, orúkọ rẹ̀ ló sì ṣáájú nínú ìwé náà. Ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré dání.

"Ọ́ọ̀l Ma," bí wọ́n ti ń pe ìyá àgbà níbí ló pè mí, "mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ sun mí lọ́la."

Mo ní, "Flomo, ìwé lásán ni. Jésù ni ààbò."

"Jésù yín ò bá mi dé ojú ogun. Ìwé yẹn bá mi débẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó ti ọmọ náà síwájú. "Kí Ọ́ọ̀l Ma dáadáa, kí o lè mọ ẹni tó fẹ́ sọ ẹ́ di ọmọ òrukàn."

Ǹ bá ti lọ sọ fún Pásítọ̀. N kò lọ. Ìwé kan ṣoṣo ló tóbi tó ti bàbá mi nínú ilé, Bíbélì ìyá mi. Mo fi aṣọ dúdú bàbá mi dì í, mo gbé e lọ. Pásítọ̀ ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú u, ó da kẹrosíìnì sí i, ìjọ gbé orin. Ewé ìwé kan já bọ́ láti inú iná. Ìkọ̀wé ìyá mi ló wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí ó bí wa níkọ̀ọ̀kan. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ẹnì kankan má bàa rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Anáníà àti Sáfírà parọ́ níwájú ìjọ, wọ́n ṣubú lulẹ̀, wọ́n kú. Èmi kò ṣubú. Oyè Ìyá Ìjọ ni wọ́n fi mí jẹ.

Ìròyìn dé Point Four pé ìwé ti jóná, Flomo sì dùbúlẹ̀ láti kú. Kò jẹ, kò mu. Ìyàwó rẹ̀ wá pè mí. Mo bá a lórí ẹní, ètè rẹ̀ ti funfun. Ṣé kí n wò ó níran ni? Mo padà sílé, mo fi ìwé bàbá mi sábẹ́ ìró, mo wá ṣí ojú ewé rẹ̀ fún un. Ó fi ìka tọ orúkọ rẹ̀ títí dé òpin, ó sì ní kí wọ́n bu ìrẹsì fún òun. "Ẹ̀yin ni Prófẹ́sọ̀ báyìí," ó wí bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ló ń gba ẹ̀yìnkùlé wá wo orúkọ wọn.

Bí mo bá sun ìwé yẹn, Flomo á tún dùbúlẹ̀. Bí mo bá pa á mọ́, iṣẹ́ bàbá mi ni mò ń ṣe. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, wọ́n á béèrè pé kí ni mo wá sun. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ọjọ́ yẹn ni mò ń bẹ̀rù ní gbogbo Sunday.

Ìwọ ńkọ́? Bí o bá ti di irọ́ kan sínú aṣọ tí o sì ń gbé e lọ sílé Ọlọ́run, má dé ibẹ̀. Àtẹ́wọ́ wọn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn lónìí, lọ bá ẹni tí o fẹ́ tàn, kí o sì tú aṣọ náà níwájú rẹ̀.