Ihò Mẹ́fà Tó Wà Lẹ́yìn Àpótí

Ara mi ṣì le nígbà náà. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yìí, tí ẹ ń wò yìí, òun ló ń fá pákó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ní Agége, tí n kò ní sinmi àfi tí mo bá fẹ́ kírun. Ràfíátù, ṣé fóònù yẹn ti ń gba ohùn mi sílẹ̀? Ó dáa. Gbé e sún mọ́ mi. Wàsíù, jókòó. Ìwọ gan-an ni mo torí ẹ̀ pè yín.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún ìyàwó rẹ lánàá. Etí mi ti di, àmọ́ kò tíì di tó bẹ́ẹ̀. O ra ẹ̀rọ oníná, o kó ẹyin sí i, ẹyin kò pa. O wá dúró sí ojúde, o ní ìyàwó rẹ ni kò mọ ẹyin tọ́jú. Gbogbo ará ilé ń gbọ́. Mo wo ojú ọmọbìnrin yẹn… ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ná.

Agége ìgbà yẹn, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Tí o bá ti kọjá Dópẹ́mú báyìí, oko ló kù, títí dé Abúlé Ẹ̀gbá. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín. Ẹ̀yin ń jókòó sínú mọ́tò, ẹ ń ráhùn. Ìkejà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé iṣẹ́ sí, àwọn ọ̀dọ́ sì ń rọ́ wá láti Ọ̀yọ́, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi náà bá wọn wá. Mo ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà, mo ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù, mo gba yàrá kan àti ìsọ̀ kan nílé ìyá Ìjẹ̀bú kan. Ìyá Onílé la máa ń pè wọ́n.

Ẹ gbọ́, àpótí mi lókìkí. Àpótí aṣọ ìyàwó. Tí mo bá pa ìdérí rẹ̀ dé, aáyán kò ríbi wọ̀. Èèrà gan-an kò ríbi wọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run forí jìn wọ́n, wọ́n máa ń sọ pé, "Àpótí tí afẹ́fẹ́ bá ń gbà kọjá, agbọ̀n ni." Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni di ẹ̀sìn mú. Ta ló tún ń kan irú àpótí bẹ́ẹ̀ lónìí? Ike ni gbogbo yín ń rà.

Mo ní ìyàwó nígbà náà. Kì í ṣe ìyá bàbá yín. Ẹ má wo ara yín lójú, mo ti fẹ́ ìyàwó kan kí n tó fẹ́ ìyá bàbá yín. Múlíkátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Abúlé Ẹ̀gbá. Ó bímọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí èyí tó dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nínú wọn. Àmọ́ ẹ wá wo bó ṣe fẹ́ràn ọmọ. Gbogbo ọmọ ọwọ́ tó wà nínú ilé yẹn, ẹ̀yìn Múlíkátù ni wọ́n ti ń sùn. Tí ìyá ọmọ bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, á kàn pè é ni. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fi òróró pa wọ́n lára. Mo rò pé ohun tó mú kó lè gbé ayé nìyẹn.

Ọkùnrin kan wá bá mi níjọ́ kan. Ó ti bá òyìnbó kan sin adìẹ rí. Ó ní kí n kan àpótí tí wọ́n fi ń pa ẹyin fún òun, èyí tí kò ní í lo àgbébọ̀ kankan. Ó júwe rẹ̀ fún mi. Pákó onípele méjì, ìyẹ̀fun pákó láàárín wọn kí ooru má baà jáde, páànù nísàlẹ̀, fìtílà lábẹ́ páànù. Bóyá ó mẹ́nu ba ihò, bóyá kò mẹ́nu bà á, n kò rántí. Bó bá tiẹ̀ mẹ́nu bà á, etí mi kò ní gbà á. Mo kàn án tán, ọkùnrin náà kò padà wá. Àpótí kù sí mi lọ́wọ́.

Múlíkátù ló ní ká lò ó fúnra wa. Àgbébọ̀ kan, ẹyin mélòó ló lè sàba lé? Mẹ́wàá, méjìlá. Àpótí yìí gba ọgbọ̀n. Ó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá, ó kó ẹyin tuntun wá nínú apẹ̀rẹ̀, ó fi ewé tẹ́ ẹ. Ó fi èédú sàmì sí ẹ̀gbẹ́ kan ara ẹyin kọ̀ọ̀kan kó lè mọ èyí tó ti yí. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, kò gbàgbé rí. Ó ń bu omi sínú àwo kékeré kan nínú àpótí kí ibẹ̀ má gbẹ. Ó máa ń mú ẹyin kan, á fi kan ìpéǹpéjú rẹ̀, á ní, "Ooru ti pọ̀ jù, ẹ fa òwú fìtílà wálẹ̀." Ẹ̀rọ tìrẹ ń kọ nọ́ńbà sára fún ọ, Wàsíù. Ìpéǹpéjú la fi ń kà á.

Ọjọ́ kọkànlélógún pé. Méjì péré ló pa nínú ọgbọ̀n. Àwọn méjì yẹn náà kò rí ọjọ́ kejì.

A fọ́ àwọn tó kù. Ká ní òbu ni wọ́n, tí inú wọn ti bàjẹ́, ǹ bá ní àkùkọ ni kò ṣiṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe òbu. Òròmọdìẹ ni, ó ti hu ìyẹ́ tán, ó ti fi ẹnu kan èèpo, ó kú síbẹ̀. Ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn bẹ́ẹ̀. Múlíkátù gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí. Ó ní, "Ọkọ mi, bí ẹni tí kò rí èémí mí ni wọ́n rí. Adìẹ tó bá ń sàba máa ń dìde, á na ìyẹ́, afẹ́fẹ́ á kan ẹyin. Ẹ jẹ́ ká lu ihò sí àpótí yìí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ihò? Sí àpótí tèmi?"

A tún kó ọgbọ̀n mìíràn. A pààrọ̀ òwú fìtílà. A lọ ra ẹyin níbòmíràn, lọ́nà Dópẹ́mú. Mo ní bóyá rélùwéè ló ń mi ilẹ̀, a gbé àpótí lọ sí igun kejì yàrá. Gbogbo nǹkan la yí padà, àfi èyí tó yẹ ká yí. Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹyọ kan kò pa.

Inú bí mi. Mo gbé àwọn ẹyin náà jáde sí ojúde. Ìyá Onílé wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ilé wà níbẹ̀, wọ́n ń fọṣọ. Mo kọjú sí ìyàwó mi. Mo ní… kí Ọlọ́run forí jì mí. Mo ní, "Ọwọ́ tí kò lè tọ́ ọmọ èèyàn, ṣé ọmọ adìẹ ni yóò tọ́?"

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ òwe yẹn dáadáa. Mo máa ń pa á fún àwọn ẹlòmíràn.

Ó kó èèpo ẹyin, ó lọ dà á nù. Láti ọjọ́ náà kò fọwọ́ kan àpótí yẹn mọ́. Ó ń se oúnjẹ, ó ń kí mi káàárọ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Èmi fúnra mi ni mo wá ẹyin lẹ́ẹ̀kẹta. Kí n tó kó wọn sínú àpótí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Bí ẹni tí kò rí èémí mí. Mo dúró títí ó fi lọ ọjà. Mo mú ìlu, irin tí a fi ń dá ihò sí pákó, mo lu ihò mẹ́fà sẹ́yìn àpótí, níbi tó kọjú sí ògiri. Mo ti ẹ̀yìn rẹ̀ padà mọ́ ògiri, mo fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbà. Tí o bá wọ yàrá, o kò lè rí i. Mo yí ẹyin fúnra mi, mo bu omi, mo wo fìtílà. Ọjọ́ kọkànlélógún pé, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n pa.

Gbogbo ilé kún yàrá mi. Òròmọdìẹ ń ké, èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Onílé pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Ìgbà tí ọmọbìnrin yìí gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ló dára."

Ṣé ó yé ọ, Wàsíù? Nǹkan méjì ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ Múlíkátù kúrò, ihò sì wọlé. Ti ọwọ́ ni wọ́n rí, wọn kò rí ihò. Èmi nìkan ni mo mọ̀, mo sì rò pé èmi nìkan ni. Múlíkátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Kò wo òròmọdìẹ kankan, èmi ló ń wò. Mo ní, "Ẹ ṣé o, ẹ ṣé." Ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

Kí ni mo ń bẹ̀rù? Kí wọ́n má baà sọ pé àpótí Káfíńtà ló ń fún ẹyin lọ́rùn pa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo wà nísọ̀, mò ń fá pákó. Múlíkátù pọn ọmọ aládùúgbò wa kan, ó ń ṣa ìrẹsì. Ìyá ọmọ náà wá, ó ń tú ọ̀já lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, ọmọ fẹ́ mu ọmú." Ọmọ yẹn ń sùn. Ta ló ń jí ọmọ tó sùn kó lè mu ọmú? Múlíkátù bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kó lè rọrùn fún un láti gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni tó tún gbé ọmọ fún un mọ́ nínú ilé yẹn. Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo ń fá pákó mi lọ.

Ó dúró títí òjò fi dá. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo rí i tó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní, "Mo rí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èmi ni mo gbá ìyẹ̀fun pákó tó dà sílẹ̀ nígbà tí mo ti ọjà dé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń retí kí ẹ sọ ọ́ fún wọn."

Mo ní, "Ṣé torí ihò lo ṣe máa lọ?"

Ó gbé ẹrù rẹ̀ rù.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá rẹ̀ gbé omi fún mi, wọ́n ní, "Káfíńtà, ṣé ẹ ti sọ ọ́ fún àwọn ará ilé yín?" Mo ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kò kan ará ilé. Wọ́n ní, "Ìgbà tí ẹ bú u, ṣé ti tọkọtaya ni?" Mo padà sí Agége. Ó fẹ́ ọkùnrin mìíràn lẹ́yìn náà, ó bímọ mẹ́rin, gbogbo wọn yè. Èmi ń kan àpótí ẹyin tà. Mo ń lu ihò sí gbogbo wọn. Tí oníbàárà bá bi mí pé kí ni ihò wà fún, mo máa ń dá a lóhùn bí ọ̀gá pé, "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Wàsíù, lọ wo ẹ̀rọ rẹ. Wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, bóyá o ti fi nǹkan dí i. Wo iye wákàtí tí iná fi ń lọ lóru. Fọ́ àwọn tí kò pa, wo ọjọ́ tí ọmọ inú wọn kú, wọ́n á sọ fún ọ. Tí o bá sì rí i pé ẹjọ́ ìyàwó rẹ kọ́, má wọ yàrá lọ tọrọ àforíjì. Ojúde tí o ti bú u ni kí o ti sọ ọ́, kí àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ lè gbọ́ èyí náà.

Torí èmi ti pẹ́ jù. Obìnrin tó tú ọ̀já yẹn ti kú. Múlíkátù náà ti kú, wọn ò tiẹ̀ sọ fún mi títí wọ́n fi sin ín. Títí Ìyá Onílé fi jáde láyé, ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Múlíkátù kò ju pé ọwọ́ rẹ̀ kò gba ọmọ. Mo wà níbi ìsìnkú Ìyá Onílé. Èmi ni mo kan pósí wọn.