Ọ̀rọ̀ Tí Onírùngbọ̀n Kò Sọ

Òtítọ́ tí èèyàn bá gbé mì kì í dà nínú. Ibi tó bá há sí ló ti ń jókòó deni. Ti olùkọ́ àgbà obìnrin kan há sí i lọ́fun, ọdún sì ti gorí ọdún kó tó di pé ó pinnu pé dandan ni kó jáde. Dókítà ti wí fún un pé ní ọjọ́ Ajé, wọn yóò gé ibi tí ohùn ti ń jáde lọ́rùn rẹ̀ kúrò kí àìsàn tó wà níbẹ̀ má baà pa á. Yóò yè, ṣùgbọ́n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí wọ́n pe tolùkọ́ takẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ èdè àwọn adití jọ sí gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n rò pé ó fẹ́ dágbére lásán ni. Olóhùn-Iyọ̀ ni wọ́n máa ń pè é, torí pé bó bá ń ṣe ògbufọ̀ fún adití, bí ìgbà tó ń bu oyin lé ọ̀rọ̀ ni. Bó ṣe dìde, àwọn tó gbọ́ràn pàtẹ́wọ́. Àwọn adití gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń mì ín, pàtẹ́wọ́ tiwọn nìyẹn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn mí. Ohùn tí ẹ̀ ń yìn yìí, mo ti fi ba ayé èèyàn jẹ́. Mo fẹ́ fi òun náà jẹ́wọ́ kó tó lọ.” Bó ti ń fẹnu sọ ọ́ ló ń fọwọ́ sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé òun kò gbọ́.

Ìlà ẹ̀yìn ni bàbá arúgbó kan tó ní irùngbọ̀n funfun jókòó sí, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó gbọ́ràn. Àwọn olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ̀ ọ́n, torí náà ìdí rẹ̀ kò gbé àga mọ́. Bàbá yìí ni adití àkọ́kọ́ tó ṣe olùkọ́ ní ẹ̀ka náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ayé ìgbà yẹn máa ń fọwọ́ ra àgbọ̀n láti pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Onírùngbọ̀n. Òun ló kọ́ Olóhùn-Iyọ̀ ní èdè ọwọ́ nígbà tí ìka ọmọge náà ṣì le bí igi ìdáná. A máa gbá a lọ́wọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, á ní, “Ọmọ mi, ojú la fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tiwa. Gbójú sókè.” Ó jẹun nílé bàbá náà títí ìyàwó bàbá fi mọ irú ẹran tó fẹ́. Nígbà tó gba iṣẹ́ olùkọ́ sí ẹ̀ka náà, inú Onírùngbọ̀n dùn ju ti baba tó bí i lọ.

Ìgbà tí ipò olórí ẹ̀ka ṣí sílẹ̀ ni ìlara wọ inú Olóhùn-Iyọ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé Onírùngbọ̀n ló kàn. Olóhùn-Iyọ̀ bá a yọ̀ lójú, ó fẹyín sí i, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Ó jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà: “Mo ń bi ara mi pé báwo lẹni tí kò lè gbé fóònù sétí á ṣe máa pàṣẹ fún mi. Ẹ gbọ́ mi o, èmi tí mò ń dúró níwájú yín láràárọ̀, tí mò ń kọ́ yín pé adití kò rẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni! Ẹnu mi ló ń sọ ọ́. Inú mi kò gbà á.”

Àsìkò yẹn ni iná jó yàrá fídíò. Inú yàrá yẹn ni Onírùngbọ̀n kó iṣẹ́ ayé rẹ̀ sí: fídíò àwọn arúgbó adití tó wá wọn kiri abúlé, tí wọ́n ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ bí àwọn òbí wọn ṣe ń sọ ọ́ kí ilé ẹ̀kọ́ tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú. Olóhùn-Iyọ̀ gbé kẹ́tù oníná wọlé níbẹ̀, ó fẹ́ fi se omi tíì, ó sì gbé e ti aṣọ fèrèsé. Wọ́n pè é síta, ó bá ọ̀rọ̀ lọ, ó gbàgbé. Kó tó padà, èéfín ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Onírùngbọ̀n ló sáré wọ inú iná, wọ́n ké “Dúró!” títí, ta ni yóò gbọ́? Ìwọ̀nba tó lè gbá mọ́ àyà ló gbé jáde. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bó, ìka méjì kò sì ká mọ́ títí dòní. Adití tí ọwọ́ rẹ̀ bàjẹ́, ahọ́n rẹ̀ ló gé.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì gbé ìgbìmọ̀ dìde. Wọ́n ní àwọn á wá ògbufọ̀ láti ibòmíràn. Onírùngbọ̀n ní rárá, ó ní Olóhùn-Iyọ̀ ọmọ òun ń bẹ níbẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n tó wọlé, ó fi ọwọ́ tó kù sọ fún un pé, “Mo rí ọ nígbà tí o ń gbé kẹ́tù wọlé. N kò ní dárúkọ rẹ. Fẹnu ara rẹ sọ. Wọ́n á bá ọ wí, wọn ò ní lé ọ.” Olóhùn-Iyọ̀ mi orí fún bàbá pé òun gbà. Lóòótọ́ ló sì fẹ́ sọ ọ́ nígbà yẹn, àfi bí ẹ̀rù ṣe bá a nígbà tó rí ojú àwọn àgbà tó jókòó yí tábìlì ká. Alága bèèrè ẹni tó gbàgbé kẹ́tù sórí iná. Onírùngbọ̀n gbé ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì sókè. Ó ní kì í ṣe òun. Ó ní òun mọ ẹni náà, ó wà nínú yàrá yìí, òun sì fẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ. Gbogbo ojú kúrò lára adití, wọ́n yíjú sí Olóhùn-Iyọ̀, wọ́n ń retí ohùn.

“‘Bàbá ní àwọn kọ́.’ Ohun tó yẹ kí n sọ nìyẹn,” ló wí ní gbọ̀ngàn, omi ń dà lójú rẹ̀. “Ohun tí mo sọ ni pé, ‘Wọ́n ní àwọn ni. Wọ́n ní àwọn gbé kẹ́tù kaná, àwọn sì gbàgbé. Wọ́n ní kí ẹ ṣàánú àwọn.’ Alága mí kanlẹ̀, ó ní kí n bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú. Mo yíjú sí bàbá tó kọ́ mi, mo fi ọwọ́ tí wọ́n kọ́ mi bi wọ́n pé, ‘Wọ́n ní ṣé òtítọ́ lẹ sọ?’ Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tún fọwọ́ sọ àyà. Wọ́n fi orí ara wọn jẹ́rìí sí irọ́ mi, wọn ò sì mọ̀.”

Wọ́n lé Onírùngbọ̀n. Ìgbà tó ka ìwé ìlékúrò ló tó mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe fún un. Ó kọ̀wé títí, wọ́n ní etí ara àwọn làwọn fi gbọ́ ọ, pé ìyà ló jẹ ẹ́ tó fi ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀gá àgbà òde òní, tó jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ nígbà náà, pe Olóhùn-Iyọ̀ sí kọ̀rọ̀, ó ní, “Ohun tí bàbá yìí fọwọ́ sọ gùn ju ọ̀rọ̀ rẹ lọ o. Ṣé gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn?” Ó fèsì pé, “Èdè wọn ló máa ń gùn bẹ́ẹ̀, sà.” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa. Kò wá ìdí rẹ̀, torí wàhálà adití tí yóò di olórí ti kúrò lọ́rùn òun náà. Olóhùn-Iyọ̀ di olórí ẹ̀ka. Onírùngbọ̀n lọ ń kun àga ní ọ̀dà nídìí iṣẹ́ káfíńtà.

Nígbà tó sọ ọ́ débẹ̀, Olóhùn-Iyọ̀ kúnlẹ̀. “Ẹ̀yin ọmọ mi, bí adití bá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí yín lẹ́nu, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi síbẹ̀. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí.”

Bàbá dìde. Olùkọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré síwájú láti ṣe ògbufọ̀ rẹ̀, bàbá fi ọwọ́ líle náà lé e padà, ó nawọ́ sí Olóhùn-Iyọ̀. Gbogbo adití inú gbọ̀ngàn ń wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ń há, bí ẹni tó ń kólòlò, ṣùgbọ́n kò yára. Olóhùn-Iyọ̀ dìde, ó kọjú sí àwọn tó gbọ́ràn, ohùn rẹ̀ ti ha.

“Bàbá ní ìyá àwọn bi àwọn lórí ibùsùn ikú bóyá lóòótọ́ ni àwọn gbàgbé kẹ́tù náà. Àwọn ní rárá. Ìyá kò gbà, ó ní àwọn tó ní etí ló gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú. Wọ́n ní…” Ọ̀gá àgbà ní, “Ẹ rọra, màmá, ẹ kàn sọ pé wọ́n ti gbọ́.” Olóhùn-Iyọ̀ kò wo ibi tó wà. “Wọ́n ní àwọn ò dárí jì mí.”

Onírùngbọ̀n tẹjú mọ́ ètè rẹ̀ títí tó fi parí. Ó yíjú sí ọmọbìnrin rẹ̀, ó fọwọ́ bi í pé, “Ṣé ohun tí mo sọ ló sọ?”

Ọmọ náà fèsì pé, “Ohun tí ẹ sọ gan-an ni, bàbá. Kò yọ nínú rẹ̀, kò fi kún un.”

Bàbá mi orí pé òun gbà. Ó mú fìlà rẹ̀, wọ́n sì jáde.