Wọ́n Fi Ojú Mi Gba Àga Mi

Kí n jókòó kẹ̀? Mi ò jókòó, Màdáámù Delphine. Àga kan ṣoṣo tí mo fẹ́ jókòó sí nínú gbogbo ọgbà ìgbádùn yìí, ẹ ti gbé e fún ẹ̀rọ, kí n wá jókòó sórí èyí tó ń yí biribiri yìí, kí ẹ máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn? Màá dúró. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi dúró nídìí tábìlì lọ́jà àlòkù Sátidé, nínú òjò, nínú yìnyín, tí mò ń ta bàtà àti àtùpà àti ìkòkò táwọn òkú fi sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò dùn mí rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọdé sí mi ni mo rí tẹ́ ẹ wọ sílípáàsì wá sí ọ́fíìsì lónìí. Ṣé kò sí nǹkan o? Ẹ ní kò sí? Ó dáa, kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má wo ẹ̀rín mi o. Inú ń bí mi. Láti Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀rín yìí ti mú mi tí kò fẹ́ fi mí sílẹ̀, mò ń sùn mò ń rín in, ajá mi ti sá lọ sùn sí kíṣìnì.

Ìwé yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ pé mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé, orúkọ mi ni mo lè kọ àti iye tí mò ń ta ọjà, òun náà ló sì bọ́ mi. Odell tó ń din dónọ́ọ̀tì lẹ́nu géètì ló kà á fún mi, ó ń kà á, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣúgà ń dà sórí ìwé. Ó ní ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi Verna Stoltz, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, fi ibi iṣẹ́ mi sílẹ̀ láìgbàṣẹ, pé mo dẹ́rù ba àwọn òṣìṣẹ́, mo sì ba ògiri jẹ́. Màdáámù, inú ilé iwin, níbi táwọn èèyàn ti ń sanwó kí wọ́n lè bẹ̀rù, lẹ gbà mí sí! Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún ẹni tó bá wọlé, kí n po tíì fún un?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti orí àga, torí àga ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ò tíì di ọ̀gá ibí nígbà yẹn. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, Orrin ọkọ mi ò tíì pé oṣù mẹ́ta tó kú, àwọn tó ń ṣètò ilé iwin ti ọdún Halowíìn wá sọ́jà, wọ́n ń wá àga tó burú. Mo ní, ẹ kú oríire, kò sí àga tó burú tó ti Orrin láyé yìí. Ó ń dún, ó tẹ̀ sápá kan, òórùn tábà ò kúrò lára rẹ̀. Mo fúnra mi fi ọkọ̀ gbé e wá, mo gbé e sínú kíṣìnì tí wọ́n kọ́ sínú ilé náà, ni mo bá jókòó sí i, torí ó rẹ̀ mí, mo sì tẹ orí ba. Ọkùnrin kan tó ń kun ògiri wọlé. Kò rí mi. Mo gbójú sókè, mo ní, "Ṣé o ti jẹun, ọmọ mi?"

Agolo ọ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ lẹ̀ mọ́ àjà.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbà mí síṣẹ́. Láti ìgbà yẹn, gbogbo oṣù Kẹwàá, yàrá kẹrin, kíṣìnì, àga Orrin, èmi nìyẹn. Mi ò pariwo rí, mi ò fò mọ́ ẹnikẹ́ni. Màá fi ìborùn bo èjìká, màá gbé abọ́ èso ápù sórí itan, màá dákẹ́ bí ẹrù. Wọ́n á máa wọlé bọ̀, wọ́n á di aṣọ ara wọn mú lẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé. Mi ò ní da ẹni àkọ́kọ́ lóhùn, torí ẹni tó ṣáájú ni ọkàn rẹ̀ le jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tì í síwájú. Ẹnì kejì ń wo ẹ̀yìn ẹni àkọ́kọ́. Ẹnì kẹta, òun gan-an ni, òun ló ń rẹ́rìn-ín jù, òun ló ń sọ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ibẹ̀ ni màá ti bi í bóyá ó ti jẹun. Tí ẹnì kẹta bá ti ké, èyí tó wà níwájú á rò pé ohun tó wà lẹ́yìn burú, èyí tó wà lẹ́yìn á rò pé iwájú ló burú, wọ́n á wá kọlu ara wọn láàrin bí ewúrẹ́. Ọjà ni mo ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń fi ọjà ẹni ṣe yẹ̀yẹ́ jù ló máa rà á, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti tajà rí.

Màá sọ òótọ́ fún yín, kẹ́ ẹ sì má ṣàánú mi nítorí ẹ̀, mi ò wá àánú wá síbí. Obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ti kú lè rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgboro dópin, kí ẹnikẹ́ni má rí i. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀, wọn ò rí i ni. Ṣùgbọ́n nínú àga yẹn, wọ́n ń rí mi. Wọ́n ń rí mi débi tí wọ́n ń sáré kọjá ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ gbà jáde. Oṣù kan péré lọ́dún ni, mo sì ti gbà pé ó tó.

Ó wá di oṣù Kẹjọ tó kọjá yìí, Bryson Tackett pè mí. Bryson yín, èyí tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé iwin, tí kò sì tíì jókòó sínú ọ̀kan rí. Ó ní, Mámà Verna, ẹ sùn sórí tábìlì yìí, ẹ jẹ́ ká mú ìwọ̀n ojú yín, ká lè ṣe ìbòjú tuntun tó máa bá yín mu. Inú mi dùn! Mo sùn. Wọ́n da nǹkan funfun tútù kan bò mí lójú bí ẹ̀kọ, wọ́n ki ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí èèyàn fi ń fa mínírà bọ ihò imú mi méjèèjì kí n lè máa mí, mo sùn síbẹ̀ fún odindi wákàtí kan, mò ń ronú pé àwọn ọmọ yìí mà mọyì mi o.

Mo padà dé lóṣù Kẹsàn-án. Mo gbé abọ́ ápù mi, mo wọ kíṣìnì. Obìnrin kan ti jókòó sórí àga Orrin.

Mo kí i, Màdáámù. Mo ní ẹ káàárọ̀ mà. Kò dáhùn. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, àga mi nìyẹn. Kò dáhùn. Mo sún mọ́ ọn kí n lè rí alárìífín náà dáadáa, kí ni mo rí? Èmi! Ojú mi, irun mi, tàdáwà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu mi, irun ẹyọ kan tó ń hù lójú tàdáwà náà, wọn ò gbàgbé rẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà ṣe èmi, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nídìí, wọ́n gbé e sórí àga ọkọ mi! Bryson wá dúró sẹ́yìn mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́músẹ́, ó ní ẹ̀rọ kì í rẹ̀, Mámà, ẹ̀rọ kì í gba ìsinmi, ẹ̀rọ kì í sáré lọ tọ̀. Ó wá fún mi ní ẹ̀wù yẹ́lò kan tó ń dán yanranyanran àti tọ́ọ̀ṣì, ó ní ẹnu ọ̀nà àbájáde ni kí n máa dúró, kí n máa sọ fún àwọn èèyàn pé ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lápá òsì.

Èmi Verna. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lápá òsì.

Mo ṣì fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀ o. Torí mo rí ohun tó ṣe, mo sì mọ̀ pé ó ti bà á jẹ́. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ló fi nǹkan tó ń jí ẹ̀rọ náà sí. Ẹni àkọ́kọ́ ló máa tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á fò sókè, fùúù, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn á sì ti rí i láti ọ̀nà jíjìn bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Mo ní, Bryson, ẹnì kẹta ni. Ó ní kọ̀ǹpútà ti ṣírò ẹ̀. Mo ní kí kọ̀ǹpútà wá jókòó síbí nígbà náà.

Kẹ́ ẹ sì wo Ọjọ́bọ̀. Ọ̀sán gangan ni, ọjọ́ ìdánwò, táwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àti ará ilé wọn máa ń wá wo ilé iwin kí a tó ṣí i fún aráyé. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde pẹ̀lú ẹ̀wù yẹ́lò mi. Àwọn èèyàn ń jáde wá, wọ́n ń yán. Wọ́n ń yán, Màdáámù! Ọkùnrin kan ní òun ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà nílé, bó ṣe ń dún gan-an nìyẹn. Mo gbọ́ ìyẹn, mi ò lè gbà á mọ́ra. Kí wọ́n máa yán sí ojú mi? Mo bọ́ ẹ̀wù yẹ́lò, mo fi ìborùn mi bo èjìká, mo gba ẹ̀yìn wọlé, mo gbé àpótí ápù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì mi onírọ́bà, mo jókòó, mo tẹ orí ba. Mo fẹ́ kí ẹyọ ẹnì kan péré pariwo ni, kí n lè padà sídìí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mi pẹ̀lú àlàáfíà.

Ta ló wá wọlé? Bryson fúnra ẹ̀, ó ń mú àwọn èèyàn ńláńlá kan káàkiri, wọ́n tò tẹ̀lé e, òkùnkùn ò jẹ́ kí n rí ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ fò, fùúù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, àní méjì ni wọ́n, kí ló dé tí èyí ò fò? Bryson ní hẹn-ẹn, ìpààrọ̀ tí òun ní kí wọ́n ṣe nìyẹn, wọ́n mà tètè gbé e dé o, wọn ò tíì fi iná sí i ni. Ó bá tọ̀ mí wá. Ó gbọn eruku èjìká mi. Ó gbé àgbọ̀n mi sókè, ó yí ojú mi síbi tí iná wà kí wọ́n lè rí iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Mi ò mí. Ó wá fi ìka méjì mú imú mi, ó fún un, ó ní, "Imú yìí nìkan ló ń bí mi nínú. Ó ti tóbi jù. Mo ti ní kí wọ́n dín in kù."

Mo fi etí ka ẹsẹ̀. Ẹnì kan ti wọlé. Ẹnì kejì ti wọlé. Ẹnì kẹta ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Imú bàbá mi ni."

Háà! Màdáámù Delphine! Ẹ jẹ́ kí n di tábìlì yìí mú ná. Bryson ò pariwo, ohùn kọ̀ láti jáde, ẹnu nìkan ló ń là bí ẹja. Ilẹ̀kùn wà lápá ọ̀tún, ilẹ̀kùn wà lápá òsì, òun ló yà wọ́n, òun ló mọ̀ wọ́n jù láyé, kò gba ọ̀kankan. Ó gba ògiri kọjá. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó gba inú ẹ̀ lọ báyìí, ihò tó dá síbẹ̀ ní orí, ó ní apá méjèèjì lókè. Àwọn tó kù tẹ̀lé e gba ihò náà kọjá, ẹni tó sanra nínú wọn fẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wá ń sọ pé èmi ni mo ba ògiri jẹ́. Ṣé èmi ni mo gba ibẹ̀ kọjá? Òfin àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ kọ́ wa ńkọ́, pé a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ara wa? Ta ló fọwọ́ mú imú ta? Àwọn tó wà níta sì ti gbọ́ ariwo, gbogbo wọn tún tò padà, wọ́n ń béèrè yàrá tí èèyàn ti ń gba ògiri jáde.

Ẹ ní kí ni? Ẹ ní ẹ ò sí níbẹ̀, pé ẹ gbọ́ ni. Mo mọ̀, ó wà nínú ìwé yín, Odell kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ò sí níbẹ̀. Ta ló wá di bẹ́líìtì Bryson mú lẹ́yìn tó ń ké pe màmá ẹ̀? Mo ní òkùnkùn ni, mi ò rójú. Àmọ́ mo rí ohun tó ṣubú sílẹ̀ lẹ́nu ihò. Ẹ jẹ́ kí n tú báàgì mi. Òun rè é. Pupa, gíga, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹyọ kan. Mo ta bàtà àlòkù fọ́dún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mo wo ẹsẹ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ nọ́ńbà ẹ̀. Ẹ bọ́ sílípáàsì yẹn. Ẹ na ẹsẹ̀ wá, kò ní dùn yín. Ẹ wò ó. Wẹ́rẹ́ ló wọlé.

Ẹ̀rín ti mú ẹ̀yin náà? Ẹ rín in, ó ń ṣe ara lóore. Ẹ bá mi ya ìwé yẹn, kẹ́ ẹ sì gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé tí géètì bá ṣí, èmi ni mo ni àga Orrin. Kẹ́ ẹ gbé èkejì mi lọ sẹ́nu ọ̀nà àbájáde, kẹ́ ẹ wọ ẹ̀wù yẹ́lò fún un, kó máa fi fùúù júwe ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má dí ihò Bryson. Kò sóhun míì.

Ẹ ń ronú? Kò burú, mo lè dúró, mo ti sọ fún yín pé ẹsẹ̀ kì í dùn mí. Ojú yín kàn funfun díẹ̀ ni. Ṣé ẹ ti jẹun, ọmọ mi?

Ha! Ẹ tún fò! Màdáámù, ẹ tún fò, bàtà náà tún ti bọ́!