Àjọgbé Ni, Kì í Ṣe Ìgbéyàwó

Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú mọ́tò tó ń ti Ọ̀mù-Àrán lọ sí Ìlọrin, láàárín tíṣà obìnrin kan àti bàbá àgbẹ̀ tó jókòó tì í.

Obìnrin náà ní, "Ìjọba fẹ́ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Arandun àti ti Ìsánlú-Ìsin di ẹyọ kan. Èmi ni mo túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀gá tó wá bá wọn sọ ọ́. Mo kọ́kọ́ pè é ní ìgbéyàwó."

"Tíṣà, ta wá ni ìyàwó níbẹ̀?"

"Ohun tí wọ́n bi mí gan-an nìyẹn, bàbá. Àwọn ará Ìsánlú dìde, wọ́n ní àwọn ò lọ sílé ọkọ kankan."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo ní àjọgbé ni. Mo ní kí wọ́n wo Òrò. Oríṣiríṣi ìlú ló kó jọ síbẹ̀, gbogbo wọn ń jẹ́ Òrò, kò sì sí èyí tó sọ orúkọ tirẹ̀ nù. Ni wọ́n bá jókòó, wọ́n sì gbà."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó pè é jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tọ́ ọ wò: "Àjọgbé."

"Ọ̀gá bi mí pé kí ni mo sọ tí wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́. Mo ní, 'Ohun tí ẹ sọ náà ni, sà.'"