Mo Ní Eyín Ló Ń Hù

Aṣọ mi ni mo ń ká sínú báàgì ní wọ́ọ̀dù nígbà tí Àǹtí Ṣadé pè mí pé Màmá àwọn ò lè mí dáadáa mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí, láti ọjọ́ náà ni nǹkan yìí sì ti wà láyà mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Àwọn dókítà kan ló ń wá àwọn tí ara wọn le. Wọ́n á fún wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun, wọ́n á wá kán kòkòrò ọ̀fìnkìn líle sí wa nímú, láti mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ náà ń ṣiṣẹ́. A ò gbọdọ̀ jáde ní wọ́ọ̀dù wọn títí kòkòrò náà á fi kúrò lára wa. Wọn kì í gba ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú. Mo ní mi ò ní ọmọ. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ oorun ni mo ń wá. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Warri, Tọ́pẹ́ ọmọ mi kì í sì jẹ́ kí n sùn.

Màmá ni mo gbé e fún. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ekosodin, àwa àti àwọn àti Àǹtí Ṣadé ọmọ wọn. Mo parọ́ fún wọn pé ìpàgọ́ àdúrà ni mo ń lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n kán nǹkan náà sí mi nímú, ọmú mi kún, wàrà ń rin aṣọ mi. Ọkàn mi ò gbà á mọ́. Mo yọ́ gba ẹ̀yìn jáde. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Màmá pé Bíbélì mi ni mo wá mú. Mo fún ọmọ lọ́mú, mo fẹnu kò ó lẹ́nu, mo yọ́ padà. Ọ̀nà ọ̀fun mi ti ń dùn mí nígbà yẹn.

Imú Tọ́pẹ́ dí. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é: Màmá fẹnu ara wọn fa ikun náà, wọ́n tu ú nù, kí ọmọ lè rí èémí mí. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé ikun ọmọ yìí níyọ̀ ju ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ lọ. Mo ní àdúrà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo pa fóònù.

Nígbà tí mo dé ọsibítù tí wọ́n gbé wọn lọ, dókítà ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń ṣàìsàn nílé. Àǹtí Ṣadé yíjú sí mi.

"Màmá Tọ́pẹ́, ọmọ yẹn ńkọ́? Ara rẹ̀ gbóná lánàá."

Mo ní, "Eyín ló ń hù, mà."

Mo mọ ohun tó ń ṣe Màmá. Mo mọ ẹni tó gbé e wá. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á mú mi. Màmá kú kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Bóyá wọn ì bá yè ká ní mo sọ̀rọ̀, mi ò mọ̀.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, Àǹtí Ṣadé gbé ọ̀kan nínú àwọn ìró Màmá wá fún Tọ́pẹ́. Wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo dúró ti ìyá àwọn. Ìyẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Ṣé kí n lọ sọ fún wọn? Àbí ọgbẹ́ tó ti ń jinná ni mo fẹ́ tún dá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Tọ́pẹ́ bá mi níbi tí mo ti ń sunkún sórí ìró náà. Yorùbá yé e, àmọ́ Pidgin ló fi ń dáhùn. Ó ní, "Mummy, wetin that Mama do you?"

Mo ní wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo ní, "Nígbà tí o ò lè mí, àwọn ló fẹnu wọn fa ikun ẹ. Nígbà tí àwọn náà ò lè mí, èmi dákẹ́."