Bàtà Mi Ló Ba Gìtá Onírin Jẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìyìn yẹn dúró ná. Látàárọ̀ tí a ti péjọ sínú gbọ̀ngàn yìí láti rántí Ẹ̀gbọ́n Onírin ni ẹ ti ń pè mí ní ọ̀rẹ́ tòótọ́, ẹni tó jẹ́ etí fún un nígbà tí etí tirẹ̀ kọṣẹ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òní ló bá tèmi. Dókítà ti sọ fún mi pé àìsàn tó wà nínú ẹ̀dọ̀ mi kò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé ẹ̀gbin yìí wọ sàréè. Etí ọkùnrin yẹn kò kọṣẹ́ rí. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ò bá a láyé, gìtá onírin kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́rùn. Ó máa ń nà gbalaja lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi tábìlì ni. Ẹ̀gbọ́n á jókòó sídìí rẹ̀, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún ta okùn, á sì máa fi irin róbótó kan yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí okùn náà lọ́wọ́ òsì. Kò sí ohun tó ń dá irin yẹn dúró. Bó bá fi ìbú èékánná kọjá ibi tó yẹ, orin á yà bàrá. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe jẹun, irin lọ́sàn-án, irin nírọ̀lẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Onírin. Orin kántírì ti àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ni ẹgbẹ́ wa ń kọ, orin ẹni tó filé sílẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ò fi ilé sílẹ̀. Èmi ni mò ń kọrin, èmi ni mò ń ta gìtá lásán. Ṣùgbọ́n tí irin Ẹ̀gbọ́n bá ti ké báyìí, ẹni tó ń mutí á gbé ife kalẹ̀, tọkọtaya tó ń jà á dákẹ́. Ìyá tó bí mi lọ́mọ wá gbọ́ wa lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí à ń lọ sílé, ó bi mí pé ta ni ọkùnrin tó jókòó yẹn. Kò bi mí léèrè orin tí mo kọ. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àmọ́ ibẹ̀ ni ìdin ti wọ inú mi.

Ariwo irin gígé ní ṣọ́ọ̀bù ti mú kí etí Ẹ̀gbọ́n máa hó. Nínú ilé, kò sí ohun tí kì í gbọ́. Tí ìlù bá ti ń dún kíkankíkan lórí pèpéle nìkan ni ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Kò fi pamọ́ fún wa. Ó pè mí, ó ní, "Àbúrò, ìwọ lo sún mọ́ mi jù. Ojú mi kì í kúrò nílẹ̀ tí mo bá ń ta á, bàtà rẹ ni mo máa ń rí. Tí mo bá lọ sílẹ̀ jù, gbé iwájú bàtà sókè. Tí mo bá ga jù, gbé gìgísẹ̀. Tó bá ti bọ́ sí i, tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀." Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mi ò tíì rí ẹgbẹ́ mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Onílù wa máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi nìkan ni akọrin tó ń fi ẹsẹ̀ gbowó. Ká sọ tòótọ́, bàtà mi kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀, torí ọkùnrin náà kì í ṣìnà. Ó kàn ń fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún un pé òun wà níbi tó yẹ ni.

Nígbà tó yá, ọ̀gá kan tó ń gbé àwo orin jáde gbọ́ ìròyìn wa. Ó wá bá wa níbi tí a ti ń dánra wò, ó ní òun fẹ́ ṣe odindi àwo kan tí gìtá onírin á ṣáájú, tí orúkọ Ẹ̀gbọ́n á wà lára rẹ̀, tí orin ẹnu á kàn máa yọjú níbi díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun á kó àwọn èèyàn òun wá gbọ́ wa lójú agbo kí òun tó tọwọ́ bọ̀wé. Bí ó ṣe jáde ni Ẹ̀gbọ́n dì mọ́ mi, ó ní "a" ti débẹ̀. Ẹ gbọ́ o, "a" ló pè é. Èmi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, inú mi ń kan bí ọbẹ̀ àná. Mo délé, mo kun bàtà mi. Mo kun ún dáadáa kó lè máa dán, kí Ẹ̀gbọ́n lè rí i kedere. Èèyàn wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹranko kì í ṣe é.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Mo fi í sílẹ̀ nínú orin àkọ́kọ́. Nígbà tí a dé orí orin pẹ̀lẹ́ tí irin máa ń dá ké láàárín rẹ̀, ó gbé irin kalẹ̀ síbi tó yẹ gan-an. Mo gbọ́ ọ. Ó dára débi pé orí mi wú. Mo sì gbé iwájú bàtà mi sókè. Ó sún irin náà, orin yà bàrá. Mo tún gbé e. Ó tún sún un. Mo wá gbé gìgísẹ̀, ó fà á padà, ó fà á kọjá, òógùn ń já bọ́ lójú rẹ̀ sórí okùn, ó ń wo bàtà mi bí ẹni tó ń wo ẹnu dókítà. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tó ń gbé àwo jáde ń sọ̀rọ̀ sétí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ti sunkún nítorí irin yẹn rí bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Àwọn kan nínú yín wà níbí tí wọ́n pòṣé lọ́jọ́ náà, tí wọ́n wá ń fi áńkáṣífù nu ojú lónìí. Ẹ kó mi nírìíra, àmọ́ ara mi kó mi nírìíra ju gbogbo yín lọ.

Èmi ni ọ̀gá náà mú. Àwo yẹn jáde, kò tà, kò sí ẹni tó lè kọ ìlà kan nínú rẹ̀ fún mi báyìí. Ẹ̀gbọ́n ní etí òun ti bà jẹ́, òun ò ní kó ìtìjú bá wa mọ́, ó sì fi aṣọ bo gìtá rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń kọ́ gìtá náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọwọ́ tirẹ̀ ti ń jọ ti bàbá, ló wá jáwọ́. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi ṣe, nígbà tó jẹ́ pé àrùn etí ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn. Títí dòní tó ti di télọ̀, tí èèyàn bá pè é tí kò tètè dáhùn, á ní etí bàbá òun ló ti ń dé yẹn.

Ẹ ṣì dúró, mi ò tíì sọ èyí tó burú jù. Nígbà tí àìsàn dá Ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀, mo lọ wò ó. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé omi kaná ní kíṣìnì, àwa méjì péré la wà ní yàrá. Ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó ní, "Àbúrò, mo fẹ́ bi ọ́ kí n tó lọ. Lọ́jọ́ yẹn, etí mi ń sọ fún mi pé irin wà níbi tó yẹ. Ó dá mi lójú. Àmọ́ bàtà rẹ ní kò sí níbẹ̀, ìwọ ni mo sì gbà gbọ́. Ṣé lóòótọ́ ni mo ṣìnà?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ń tọrọ. Kò bèèrè àwo, kò bèèrè orúkọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣìnà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fi dára yín láàmú mọ́." Ó mi orí. Ó ní, "O ṣé tí o ò tàn mí." Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tó fi kú.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní bá yín wí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá fi ara rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, tí ẹ sì rí i pé ẹ ń jowú rẹ̀, ẹ tètè sọ fún un kó wá ẹlòmíràn. Ìtìjú díẹ̀ ló wà nínú ìyẹn. Ìwọ ọmọ rẹ̀ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ, kò sí àrùn kankan nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Bàbá rẹ gbọ́ irin náà bó ṣe yẹ kó gbọ́ ọ. Gìtá rẹ̀ ni wọ́n gbé síbí yìí, ẹ̀yin èèyàn kàn ń ya fọ́tò rẹ̀. Wá jókòó sídìí rẹ̀. Màá ti jáde kó o tó bẹ̀rẹ̀, torí mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ọ.